Ojú Tí Ń Wo Ojú: T. N. Mukharji ní Lọ́ńdọ̀nù, 1886

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú lè rí ilé, kí ó rí ọjà, kí ó sì rí èrò, síbẹ̀ kí ó má mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ohun tí ó rí. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí kò jẹ́ kí òwe náà rọrùn láti lò mọ́. Ará Íńdíà kan ni ó kọ ọ́, apá tí ó lọ́ràá jù nínú rẹ̀ sì dá lórí Lọ́ńdọ̀nù. Ojú òǹkọ̀wé náà ríran dáadáa. Díẹ̀ ni arìnrìn-àjò ìgbà rẹ̀ tí ó wo àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fínnífínní bẹ́ẹ̀, tí ó sì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìwé yìí tí ojú náà ti ṣókùnkùn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Trailokyanath Mukhopadhyay ni orúkọ òǹkọ̀wé náà, T. N. Mukharji ni ó ń jẹ́ lórí ìwé tí ó bá kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. A bí i ní Bengal ní ọdún 1847. Ìdílé Brahmin ni ó ti wá, ìdílé tí iyì rẹ̀ pọ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Ó ṣe olùkọ́, ó ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó rí iṣẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tí ó ń mójú tó owó-orí ilẹ̀ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti di ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọ̀rọ̀ ohun-ọ̀gbìn àti iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Ìwé rẹ̀ lórí ohun tí ilẹ̀ náà ń mú jáde jáde ní 1883. Nígbà tí ìjọba ń wá ẹni tí yóò tẹ̀ lé ẹrù Íńdíà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1886, òun ni wọ́n rán. Lójú ọ̀pọ̀ Brahmin ìgbà náà, ẹni tí ó bá la òkun kọjá ti ba ìwà mímọ́ ìbí rẹ̀ jẹ́. Mukharji lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó kọ ìwé tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní A Visit to Europe, èyí tí a tẹ̀ ní Calcutta ní 1889.

South Kensington ni ìpàtẹ náà, tí wọ́n ń pè ní Colonial and Indian Exhibition, ti wáyé. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ni ó ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Tennyson kọ ewì fún ọjọ́ náà, Sullivan sì fi orin sí i. Wọ́n tilẹ̀ kọ apá kan orin ìyìn ọba lédè Sanskrit, èyí tí Max Müller túmọ̀. Kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́ ní oṣù kọkànlá, iye òǹwòran tí ó wọlé ti lé ní 5,500,000. Ète ìpàtẹ náà kò fara sin. Wọ́n fẹ́ kí ará Lọ́ńdọ̀nù rìn láti àgbàlá kan dé òmíràn ní ọ̀sán kan ṣoṣo, kí ó sì padà sílé pẹ̀lú èrò pé òun ti rí gbogbo ilẹ̀ tí ọba òun ń jọba lé lórí.

Èkó náà wà níbẹ̀, nínú àgbàlá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Èkó kúrò lábẹ́ Gold Coast, tí ó di àmúnisìn tí ó dá dúró. Ìpàtẹ sì wà ní ṣíṣí nígbà tí wọ́n bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn tí ó fẹ́ fi òpin sí ogun Kírìjì ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Àwọn ohun tí ó ti ilẹ̀ wa lọ jókòó jẹ́jẹ́ nínú àpótí onígíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ṣì kọjú sí ara wọn. Mo mẹ́nu ba èyí kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ìpàtẹ tí Mukharji ń rìn káàkiri nínú rẹ̀ kò jìnnà sí ìtàn tiwa tó bí a ti lè rò.

Èrò a máa wọ́ lọ sí apá Íńdíà púpọ̀. Wọ́n kọ́ ààfin kan síbẹ̀, nínú àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n sì mú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó sí: ahunṣọ, ahunkápẹ́ẹ̀tì, amọ̀kòkò, àwọn tí ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Wọ́n ń fi wọ́n hàn bí oníṣẹ́ abúlé tí ó jogún iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kọ́ iṣẹ́ náà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Agra, Dókítà J. W. Tyler, alábòójútó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà, ni ó sì kó wọn wá. Amọ̀kòkò kan wà láàárín wọn tí ń jẹ́ Bakshiram. Wọ́n ní ẹni ọdún 102 ni. Ọbabìnrin ní kí Rudolf Swoboda, ayàwòrán ará Austria, ya àwòrán rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn, àwọn àwòrán náà sì wà ní ààfin Osborne títí di òní. Ojú wọn ni a ní. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sí lọ́wọ́ wa.

Mukharji kò jókòó nínú àgbàlá yẹn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó mọ Gẹ̀ẹ́sì sọ, ó mọ̀ ọ́n kọ, òun ni yóò sì ṣàlàyé igi, aṣọ àti irin fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ó máa ń pe àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ènìyàn wa, bí ọ̀gá ti ń pe ọmọ iṣẹ́. Ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí ìyàtọ̀ yìí. Lójú òǹwòran tí ó san owó ẹnu ọ̀nà, ará Íńdíà tí ó ń hun aṣọ àti ará Íńdíà tí ó ń ka ìwé ìròyìn jọ wà lára ohun tí a wá wò ni. Mukharji ròyìn rẹ̀ pé ojú aláwọ̀ oríṣiríṣi, èyí tí ó dúdú, èyí tí ó rí bí ewé, èyí tí ó rí bí eérú, ń gún àwọn wọ inú. Bí wọ́n bá rìn, ènìyàn á wò. Bí wọ́n bá jẹun, ènìyàn á wò, á sì kígbe ìyanu. Iye ìyàwó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi sílẹ̀ nílé tilẹ̀ di ohun àméfò. 250 ni iye tí ọ̀pọ̀ fẹ́ràn láti dá.

Kíyè sí ohun tí ó ṣe níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wò ni ó ń to àwọ̀ ojú àwọn tí ń wò ó lẹ́sẹẹsẹ, bí onímọ̀ ohun abẹ̀mí ṣe ń to labalábá. Ìṣe àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ènìyàn ní Yúróòpù ìgbà náà ni kí wọ́n wọn orí àwọn ènìyàn dúdú àti ará Éṣíà, kí wọ́n sì kọ àwọ̀ ojú wọn sílẹ̀. Mukharji gba irin iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn, ó sì lò ó fún wọn. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ àmúnisìn ṣe fẹ́ràn ìwé náà, mo sì gbà pé wọ́n jàre. Kì í ṣe pé ó kórìíra Lọ́ńdọ̀nù o. Ó yin iṣẹ́ àṣekára àwọn ará ibẹ̀, ó yin ètò wọn, ó sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́ ohun tí ó ṣeé kọ́ níbẹ̀. Ìfẹ́ àti ẹ̀fẹ̀ jọ ń gbé nínú ìwé náà láìbá ara wọn jà.

Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ tí ó mú jù ni èyí tí ó ṣe nípa èrò tí ń wo àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ní bí ó ti ya àwọn òyìnbó lẹ́nu pé ará Íńdíà lè fi irin iṣẹ́ tí àwọn ti pa tì ṣe ohun ẹlẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ya ẹlẹ́sìn Hindu lẹ́nu bí ó bá rí ìnàkí tí ó ń ṣe àlùfáà níbi ìsìnkú, tí ó ń ka Sanskrit láti inú ìwé imọ̀-ọ̀pẹ. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí bù kù? Lójú àkọ́kọ́, òyìnbó ni: àìmọ̀kan rẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó rí ènìyàn bí ìnàkí. Ṣùgbọ́n àfiwé náà kò lè ṣiṣẹ́ láìmú oníṣẹ́ ọwọ́ jókòó sí ipò ìnàkí fún ìṣẹ́jú kan. Òǹkọ̀wé tí ó wà lọ́nà jíjìn sí àgbàlá yẹn nìkan ni ó lè ṣe irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìfarapa.

Èyí mú mi dé ibi tí mo ń lọ. Ní ilé oúnjẹ kan, ọ̀kan lára àwọn ará Íńdíà náà pinnu láti fi ọmọbìnrin arẹwà tí ń gbé oúnjẹ fún wọn ṣeré. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ipò ìyàwó ogójì ti ṣófo nílé òun kí òun tó kúrò ní ìlú òun. Ọmọbìnrin náà béèrè pé ìyàwó mélòó ni ó ní lápapọ̀. Ó fèsì pé 250, iye tí gbogbo ènìyàn ń ní. Kí ni ó wá ṣe ìyàwó ogójì? Ó ní òun pa á ni, nítorí pé kò se oúnjẹ àárọ̀ òun dáadáa. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó bú u. Títí dé ibí yìí, ẹ̀fẹ̀ náà yé wa: ará Íńdíà ti gba irọ́ tí wọ́n ń pa mọ́ ọn, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Òmùgọ̀ ẹni tí ó gbà á gbọ́ ni a ń fi ṣẹ̀rín.

Lẹ́yìn èyí, ọmọbìnrin náà sọ ìtàn tirẹ̀. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan tí ọmọ Áfíríkà kan, akẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh, wá fẹ́. Wọ́n ṣègbéyàwó ní Ìlú Ọba, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. Nígbà tí ó yá, ọkọ mú ìyàwó lọ sí ilé rẹ̀ ní Laibéríà, ní aṣálẹ̀. Kò rí ènìyàn funfun kan níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ dá wà. Ohun tí ó wá pa á ni pé ìyá ọkọ rẹ̀ jó wọ inú ilé wá, tí ó fi awọ ẹran bora. Obìnrin náà rù, ó sì kú. Báyìí ni ìtàn náà parí. Mukharji kò fi ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ibí yìí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ̀rín ìyàwó ogójì ni wọ́n ń rín lọ́wọ́ tí ìtàn kejì fi bá wọn. Ilé pa lọ́lọ́. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè tí ó sì béèrè ni pé, ‘Ìyá ta nìyẹn?’

Ìbéèrè náà yẹ kí a dáhùn bí òpìtàn. Laibéríà kì í ṣe aṣálẹ̀. Ilẹ̀ igbó àti òjò ni. Monrovia wà lára àwọn olú-ìlú tí òjò ń rọ̀ sí jù ní ayé. Ó ti di orílẹ̀-èdè olómìnira láti 1847, ọdún tí a bí Mukharji gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba rẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti wà níbẹ̀ láti àwọn ọdún 1860, níbi tí Edward Blyden ti ṣe olórí. Àwọn ìdílé tí ó ń rán ọmọ lọ sí yunifásítì láti Monrovia ìgbà yẹn jẹ́ àwọn tí ń wọ kóòtù dúdú àti fìlà gíga nínú ooru, títí àwọn àlejò fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Òǹkọ̀wé wa sì ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun-ọ̀gbìn. Ní àwọn ọdún 1870 ni àwọn olóko ní Ceylon, tí ó wà nísàlẹ̀ Íńdíà, ń gbin kọfí Laibéríà nígbà tí àrùn ń pa kọfí wọn. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé kò mọ̀ pé kọfí kì í hù ní aṣálẹ̀.

Edinburgh wá ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Áfíríkà ní ibẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Africanus Horton ará Sàró gba oyè ìṣègùn níbẹ̀ ní 1859. Ní àwọn ọdún tí ó yí ìpàtẹ náà ká, ọmọ Yorùbá wà lára wọn. John Randle, tí ó padà di gbajúgbajà dókítà ní Èkó, jáde ní 1888. Obadiah Johnson kọ́ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù àti Edinburgh, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní Edinburgh ní 1889 pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀nà ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun ni àbúrò Samuel Johnson, òun náà ni ó sì tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ tò kí ó tó jáde ní 1921. N kò sọ pé òun ni ìtàn ọmọbìnrin náà bá wí. Kò sí ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá fẹ́ mọ irú ìyá tí akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní Edinburgh ní nígbà yẹn, a lè wo ìdílé Johnson: àwọn òbí tí ó ti gbé ní Hastings ní Sàró, tí wọ́n sì bá iṣẹ́ ìjọ CMS padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1858. Aṣọ òwú ni obìnrin irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe awọ.

Ọdún 1889 kan náà ni ìwé Mukharji jáde ní Calcutta tí Johnson sì gba oyè ní Edinburgh. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a ń mú sìn, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ilẹ̀ wọn, ojú òpópónà òyìnbó sì ti gún àwọn méjèèjì. Nínú ìwé èkíní, irú ènìyàn tí ọ̀kejì jẹ́ kò ní ibòmíràn láti wọlé ju ẹnu ọmọbìnrin tí ń gbé oúnjẹ lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan jiyàn pé Mukharji mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó fi ìtàn irọ́ ṣíwájú, ó fi ìtàn tí ọmọbìnrin náà gbà sí òtítọ́ tẹ̀ lé e, kí òǹkàwé tí ó gbọ́n lè rí i pé aṣọ kan náà ni a gé méjèèjì lára rẹ̀. Àlàyé yìí wù mí. Fún ọdún méjì, òun ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ó jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ni ibòmíràn nínú ìwé náà. Ọmọbìnrin kan tí ó tó ẹni ọdún 17 bá Mukharji sọ̀rọ̀ ní ìpàtẹ, ó ya á lẹ́nu pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yìn ín fún orin dídùn tí ẹgbẹ́ afunfèrè ìlú rẹ̀ ń kọ. Àwọn erékùṣù Karíbíánì ni ẹgbẹ́ yìí ti wá. Ènìyàn dúdú àti àwọn tí a bí láti ara dúdú àti funfun ni wọ́n. Mukharji fi ẹ̀fẹ̀ ròyìn bí ọmọ náà yóò ṣe máa fi í yangàn láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà pé òun bá ènìyàn dúdú gidi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nípa ìyìn tí ó jẹ mọ́ àwọn afunfèrè, ó sọ ní ṣókí pé ó ta òun lára díẹ̀. Wọ́n pè é ní dúdú, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kà á mọ́ àwọn dúdú, kò lè rẹ́rìn-ín tán.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mìíràn mọ́. Ó kọ ọ́ pé lóòótọ́ ni àwọn jẹ́ ènìyàn tí ó dùn ún wò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Zulu tí wọ́n ti wò ṣáájú, bẹ́ẹ̀ sì ni olóyè Sioux tí wọ́n ń wò lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ọmọ aráyé ń fẹ́, ó ní, wọn a sì máa fi bí nǹkan ti ṣàjèjì tó díwọ̀n ojúrere wọn. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Brahmin, Zulu àti Sioux jókòó sórí ìjókòó kan. Kò sí ìtara lára rẹ̀. Ó ti rí ìpàtẹ náà láti inú.

Ọkùnrin kan náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. N kò rò pé a gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láti mú kí wọ́n bára mu. Nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa èrò lápapọ̀, ó mọ̀ pé ìjókòó kan náà ni òun àti Zulu wà. Nígbà tí ọmọbìnrin kan kọjú sí i lójúkojú, tí ó fẹ́ kí ó mọ òun sí ọ̀mọ̀wé àti ọmọ ìdílé iyì, ìjókòó náà há fún un. Ìjọba tí ó ń sìn ti kọ́ ọ ní àkàbà tí a ń to àwọn ẹ̀yà ènìyàn sí. Ó rí i pé irọ́ ni àkàbà náà nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé òun sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní àtẹ̀gùn tí ó gbà pé ó kéré sí tirẹ̀ ni kò bi í léèrè pé ta ni ó gbé wọn síbẹ̀.

Mukharji padà sí Calcutta, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì di òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ pàtàkì lédè Bengali. Kankabati, ìwé rẹ̀ tí àwọn ọmọdé àti àgbà fẹ́ràn, jáde ní 1892. Ìyá ọkọ ní Laibéríà kò tún bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí mo tún ka ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lọ́dún tí ó kọjá, a fi awọ ẹran àti aṣálẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a ní kí a wo ohun tí ó kù nínú ìtàn náà bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀. Ọmọ dé láti òkè òkun pẹ̀lú ìyàwó. Ìyá rẹ̀ jó wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn ní, ‘Ìyàwó ni màmá wá kí káàbọ̀.’